Àga Tí Wọ́n Ní Kí N Dàgbà Bá

Ẹ̀yìn Màámi ni mọ́tò tí mo kọ́kọ́ ní láyé. Mo wọ̀ ọ́ títí mo fi ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ojú ò sì tì mí. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti kọ lu ẹsẹ̀ mi méjèèjì kí wọ́n tó já mi lẹ́nu ọmú, ṣùgbọ́n ìyá mi ò gbà kí n máa fi ìdí wọ́ nílẹ̀ níta. "Ọmọ tèmi ò ní wọ́ lójú títì Mùṣín," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, á na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, èmi á dì mọ́ ọn lọ́rùn, òjá á gba abẹ́ ìdí mi kọjá, ó di ojú ọ̀nà. Orí ẹ̀yìn yẹn ni mo ti mọ àdúgbò wa. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń wo orúnkún àwọn àgbà, èmi ń wo ohun tó wà nínú igbá tí wọ́n rù. Mo mọ ẹni tó ra ẹja àti ẹni tó díbọ́n pé òun ra ẹja. Bí mo bá sì sọ ọ́ sókè, Màámi á fi ọwọ́ gbá mi nídìí láti ẹ̀yìn, á ní kí n dákẹ́, ẹnu mi ti pọ̀ jù.

Ilé wa, ilé gígùn ni, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ la àárín wọn já sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí kànga àti ibi ìdáná wà. A ò ní aago, a ò sì wá aago. Ìpè àdúrà ló ń jí Bàámi, ikọ́ Bàámi ló ń jí Màámi, ariwo sítóòfù Màámi ló ń jí àwa yòókù. Bí fèrè ilé iṣẹ́ kan bá ti wá dún láti apá Ìlúpéjú, ẹni tí kò bá tíì wẹ̀ mọ̀ pé òun ti pẹ́. Lẹ́yìn fèrè, ẹ̀rọ ìránṣọ Bàámi ló kàn. Télọ̀ ni bàbá mi. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, Màámi sì gbé tábìlì òwú, bọ́tìnnì àti síìpù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó bá wá rán aṣọ lọ́dọ̀ ọkọ, ọ̀dọ̀ ìyàwó ló ti máa ra òwú. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, oorun ló máa ń kùn mí, torí ìró yẹn ni wọ́n fi rẹ̀ mí lẹ́kún.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, ń gbé lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá. Ó ní òun wá kí wa fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Ọdún kẹta nìyẹn tó ṣì ń kí wa. Òun ló ni ìkòkò, òun ló ni ọ̀rọ̀. Ohun tí àwa ọmọ Èkó ń pè ní móínmóín, ọ̀ọ̀lẹ̀ ló ń pè é, ẹni tó bá sì pè é ní móínmóín níṣojú ẹ̀, ìdí ìkòkò ló máa jẹ. Èmi tí mo mọ ohun tí mo ń ṣe, ọ̀ọ̀lẹ̀ ni mo máa ń wí, mo sì máa ń jẹ èyí tó ní ẹyin nínú. Àbẹ̀kẹ́ ló ń pè mí, oríkì mi. Bó bá ti pe Àbẹ̀kẹ́ báyìí, tó fa gbólóhùn náà gùn, kò sí ohun tí mi ò lè ṣe fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé wọ́n kẹ́ mi bí ẹyin o. Ní ilé wa, ẹni tó bá máa jẹun á ṣiṣẹ́. Wọ́n á gbé mi kalẹ̀ sórí ẹní, wọ́n á gbé ẹ̀wà síwájú mi kí n ṣà á, bí mo bá ṣà á tán, ọlọ dé. Mo fọ́nnu: kò sí ẹni tí ata ẹ̀ kúnná tó tèmi nínú ilé yẹn, torí ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ṣiṣẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ló fi ń sáré. Bó bá di ọ̀sán, Bàámi á ju ṣẹ́ẹ̀tì sí mi lẹ́sẹ̀. "Síkírá, bá mi gán bọ́tìnnì sí i. Má gán an bí ọmọ ọ̀lẹ o." Bọ́tìnnì tí mo bá gán, aṣọ á gbó tán kó tó já.

Bàámi mọ aṣọ rán, kì í ṣe pé torí ó bí mi. Aṣọ àgbàlagbà tó bá ti ọwọ́ ẹ̀ jáde, wẹ́kú ni. Ṣùgbọ́n aṣọ ọmọdé! Họ́wù! Bí ọmọ ti wù kó kéré tó, Bàámi á fi téèpù wọ̀n ọ́n tán, á tún fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ẹ̀bi ẹ̀ kọ́, àwọn ìyá ọmọ ni kì í gbà. Aṣọ tó bá ṣe wẹ́kú lára ọmọdé, òfò ni lójú wọn. "Télọ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ o, ọmọ ń dàgbà!" Bí Iléyá bá wá dé, ẹ ó rí àwa ọmọ Mùṣín lójúde: ọwọ́ kan ń di ṣòkòtò mú, ọwọ́ kejì ń ká apá aṣọ sókè, bàtà tí wọ́n ki bébà sí nímú ń dún pá-pá-pá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, aṣọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbà wá, á sì ti gbó. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí ohun tuntun gbà mí nígbà tó ṣì wà ní tuntun. Gbogbo wa là ń wọ aṣọ ẹni tí a máa dà lọ́la, a sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀.

Ọdún tí mò ń wí yìí, ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò fi ọwọ́ òsì sílẹ̀, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún ni. Ojoojúmọ́ ni rẹ́díò ń kéde ẹ̀. Ìyá Àgbà ní òun ò ní sọdá títì mọ́ láé, ojú tí òun fi ń wo mọ́tò láti ìgbà tí òun ti dé Èkó ti rẹ̀, kò sí agbára tí òun á fi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ojú ní ọ̀nà mìíràn. A rẹ́rìn-ín títí. Ọdún yẹn náà ni Màámi lóyún. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ọmọ lẹ́yìn mi, oyún kan sì ti wálẹ̀ mọ́ ọn lára ṣáájú, nítorí náà ńṣe ni gbogbo ilé ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yí i ká. Nọ́ọ̀sì tó ń wò ó ní kò gbọdọ̀ gbé ẹrù wúwo mọ́. Màámi ní, "Mi ò gbé ẹrù kankan, nọ́ọ̀sì. Ọmọ mi nìkan ni mò ń pọ̀n." Nọ́ọ̀sì bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Màámi bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìró ẹ̀ ró.

Bí ilé ìwé ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ilé ìwé ọ̀hún ò jìnnà, ẹ̀gbẹ́ títì kan náà ni, kò gba kí èèyàn sọdá, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ dé góńgó. Èmi ni mo ń gba ipò kìíní nínú ìṣirò, bí tíṣà bá sì ní "Ta ló mọ̀ ọ́n?" ọwọ́ tèmi ló máa ń kọ́kọ́ gòkè. Bàámi gbìyànjú. Ó gbé mi kọ́ èjìká lọ fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ ìdí ẹ̀rọ báyìí, kò ní rántí pé òun bí ọmọ. Oòrùn á ti wọ̀, ọlọ́dẹ ilé ìwé nìkan ló máa kù tí mo ń bá ṣeré. Lọ́jọ́ kan ọlọ́dẹ náà ló gbé mi wá sílé, ó sì bá Bàámi jà. Láti ọjọ́ náà, orí ẹní ni mo wà. Mo sunkún, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Ohun tó sì tún bà mí nínú jẹ́ ni pé bí Màámi bá gbọ́ ẹkún mi, á tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, Bàámi á kígbe mọ́ ọn. Ó wá dà bíi pé a ní ká yan ọ̀kan: yálà ilé ìwé tèmi tàbí ọmọ inú oyún.

Nọ́ọ̀sì yẹn náà ló sọ fún wọn pé àwọn kan wà ní Yábà tí wọ́n ń ṣe àga onítáyà fún àwọn ọmọ tí kò lè rìn, ọ̀fẹ́. Láìpẹ́, ọ̀kan nínú wọn wá wo ilé wa. Àǹtí Dúpẹ́ ni orúkọ ẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó gé irun mọ́lẹ̀. Ó wọn ẹnu ọ̀nà, ó wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bẹ gọ́tà iwájú ilé wò. Ó wá kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ó ní òun ń bọ̀ wá wọn èmi alára ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. "Wọn kì í fi ojú díwọ̀n ẹ̀, Màmá. Àga yìí gbọ́dọ̀ gbà á wẹ́kú. Bó bá tóbi jù, ẹ̀yìn ọmọ á wọ́." Ìyá Àgbà mi orí. Mo rí i pé ó gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ pé kó gbà á wẹ́kú nìkan ni kò gbà wọlé.

Ọyẹ́ ń mú gan-an lọ́jọ́ tí Àǹtí Dúpẹ́ padà wá. Bàámi ti lọ ra aṣọ inú kóòtù lọ́jà, Màámi ti lọ rí nọ́ọ̀sì. Èmi àti Ìyá Àgbà la kù. Kó tó dé, Ìyá Àgbà gbé mi wọ yàrá, ó fa òfì ìgbéyàwó ẹ̀ yọ nínú àpótí, èyí tó nípọn bí ẹní. Ó fi ká mi ní ìbàdí, ó tún un ká, ó gba òjá lé e. Ó fi búbá ẹ̀ kan lé ìyẹn, ó wá wọ̀ mí ní gáùn Iléyá mi. Ó ki ẹsẹ̀ mi bọ bàtà Iléyá, tòun ti bébà nímú ẹ̀. Mo ní, "Ìyá Àgbà, ooru ń mú mi." Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ẹ̀ẹ̀, panu mọ́. Ọmọ ń dàgbà." Mo ti sọ fún yín bí mo ṣe máa ń ṣe tó bá ti fa orúkọ yẹn gùn.

Àǹtí Dúpẹ́ wò mí títí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ àwọn aṣọ yìí díẹ̀ kí ìwọ̀n lè jẹ́ òótọ́." Ìyá Àgbà ní, "Nínú ọyẹ́ yìí? Bí ikọ́ bá dé, ṣé ìwọ lo máa wá jí lóru bá wa wú u?" Àǹtí Dúpẹ́ tún fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìyá Àgbà ní, "Ọmọ mi, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ti tọ́ ọmọ kí wọ́n tó bí ìyá tó bí ọ." Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa tún wí? Ó kúnlẹ̀, ó fi téèpù yí mi ká bí mo ṣe wà. Ó ní, "Ọmọ yìí mà sanra o." Ìyá Àgbà ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Nígbà tó fẹ́ wọn ẹsẹ̀ mi, Ìyá Àgbà ní kó wọ̀n ọ́n mọ́ bàtà, ṣé ó rò pé ẹsẹ̀ lásán ni òun máa fi rán ọmọ òun níwèé ni? Bí ó ṣe ń jáde báyìí, òógùn ti ń ṣàn lẹ́yìn mi bí ẹni tó ń gúnyán.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí àga tó dé, mọ́tò ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún, oyún Màámi sì ti yọ síta gbangba. Dẹ́rẹ́bà kan ló gbé e wá, ó ní Àǹtí Dúpẹ́ rìnrìn àjò, pé tó bá dé á wá wo bí mo ṣe ń jókòó sí i. Gbogbo ilé tú jáde. Háà, ó rẹwà! Búlúù ni wọ́n kùn ún, táyà kẹ̀kẹ́ gidi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ méjèèjì, ó ń dán yanran. Bàámi gbé mi sí i. Mo rì. Ẹsẹ̀ mi ò kan ibi tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni apá mi ò tó táyà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: bí mo bá na ọwọ́ sí tọ̀tún, ìdí mi á yọ́ lọ sọ́tùn-ún, bí mo bá wá tòsì lọ, mo bá a lọ sósì. Ìyá Ìbejì tó wà ní yàrá kejì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo Síkírá bí ẹyẹlé nínú apẹ̀rẹ̀!" Bàámi yí àga náà po, ó họ orí. "Ó dà bíi pé ó tóbi." Ìyá Àgbà dá a lóhùn kíá, "Ó máa dàgbà bá a." Kò sì sí ẹni tó ta kò ó, torí ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ti ń gbọ́ láti kékeré ni. Wọ́n ki ìrọ̀rí sí mi lápá ọ̀tún, wọ́n ki àjákù aṣọ sí mi lápá òsì. Orí mi wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá Àgbà tó máa ń sọ fún gbogbo ayé pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ó jókòó níbẹ̀, ó ń wo orí tèmi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Bàámi ní ká lọ sílé ìwé. Ó tì mí dé iwájú ilé, oníbàárà kan sì kí i, ó fi àga sílẹ̀ kó lè dá a lóhùn. Mo ní kí n fúnra mi ṣe é. Ṣé èmi náà ò fẹ́ fi hàn wọ́n ni? Mo na ọwọ́ sí táyà, ìrọ̀rí yọ, èmi náà yọ tẹ̀ lé e, àga fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, mo bá ara mi nínú gọ́tà tòun ti yúnífọ́ọ̀mù. Mi ò fara pa púpọ̀, ètè mi ló bó. Ṣùgbọ́n Màámi ti rí i láti ìdí tábìlì ẹ̀. Ẹ ò ní gbà pé olóyún lè sáré bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó kígbe, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti fà mí sẹ́yìn, ó ti dìde, ó ti gbé mi wọlé. Ó pọ̀n mí lé oyún lórí. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, inú ti ń run ún, ó dùbúlẹ̀, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Wọ́n sáré pe nọ́ọ̀sì. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tí Bàámi wà nílé tí ẹ̀rọ ẹ̀ ò dún lọ́sàn-án nìyẹn. Ilé dákẹ́ débi pé à ń gbọ́ omi tó ń kán sí kànga. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀, ọ̀ọ̀lẹ̀ tútù níwájú ẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi. Lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́ ni nọ́ọ̀sì jáde, ó ní ọmọ ṣì wà níbẹ̀, ó ń mira, ṣùgbọ́n bí obìnrin yìí bá tún pọ̀n ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n má wulẹ̀ pe òun.

Àǹtí Dúpẹ́ ò mọ̀ pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀ nígbà tó ya wá lọ́jọ́ kejì. Ó bá mi lórí ẹní ní ṣọ́ọ̀bù Bàámi, nínú ṣẹ́mìsì, ètè wú, ó bá àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó wo èmi, ó wo àga. Ó fa téèpù yọ, ó wọn ìdí mi, ó tún un wọn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ yìí ṣàìsàn ni? Ibo ni ara ẹ̀ lọ?" Bàámi wo ojú mi, mo wo òrùlé. Ìyá Àgbà ló dìde. Ó wọ yàrá lọ, a gbọ́ bí àpótí ṣe ṣí. Ó gbé òfì yẹn jáde, ó jù ú sílẹ̀ níwájú Àǹtí Dúpẹ́. Ó ní, "Ara ẹ̀ rèé."

Kò yé ẹnikẹ́ni lójú ẹsẹ̀. Bàámi ló kọ́kọ́ yé. Ó dorí kodò sórí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀, èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n, a rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. Màámi gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kígbe pé kí ẹnì kan jọ̀ọ́ wá sọ fún òun. Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, má bínú. Èmi ni mo ṣe é. Mo ti dàgbà, mo ti rí i: ohun tí wọ́n bá fún tálákà, ẹ̀ẹ̀kan ni. Mo ní bí àga yìí bá gbà á lónìí, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá gùn lẹ́yìn ọ̀la ńkọ́? Ta ló máa tún rántí ilé wa? Mo rò pé ọjọ́ iwájú ni mò ń bá a tọ́jú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pa ọmọ méjì." Ẹnu mi kọ́ lẹ ti máa gbọ́ pé Ìyá Àgbà sunkún, àmọ́ ó fi etí ìró nu nǹkan kan lójú.

Àǹtí Dúpẹ́ kúnlẹ̀ tì í. "Màmá, irọ́ kọ́ lẹ pa. Àwa gan-an ò mọ ìgbà tí irin mìíràn máa dé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá jókòó gún lónìí, báwo ló ṣe máa dé ọ̀la tí ẹ̀ ń tọ́jú fún un?" Ó wo àga náà, ó ní òun lè gé e kúrú kó gbà mí, àbùkù ẹ̀ ni pé bí mo bá ti dàgbà, ó parí. Bàámi gbórí sókè. Ó ní, "Ẹ má gé e o. Èmi, bí aṣọ bá tóbi, mi kì í gé e. Mo máa ń ká a sínú ni, màá gán an. Bí ọmọ bá dàgbà, màá tú u. Ṣé irin ò ṣe é ká sínú ni?" Àǹtí Dúpẹ́ fọwọ́ pa páìpù àga náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó ṣe é ṣe," ló wí. "Ká ki páìpù tóóró sínú èyí tó fẹ̀, ká lu ihò sí wọn lára, ká fi bóòtù dè é. Bó bá dàgbà, ẹ tú bóòtù, ẹ fà á jáde."

Ìyá Àgbà dìde fùú. Ó ní kí wọ́n wọ̀n mí wàyí. Ó fúnra ẹ̀ bọ́ ṣẹ́mìsì lára mi nínú yàrá, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó tún ń wá ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi ti ṣeé tú, kí ìwọ̀n má baà ṣìnà. Àǹtí Dúpẹ́ ní, "Màmá, ìlẹ̀kẹ̀ ò ṣe nǹkan kan." Ó ní, "Rárá o, má gbà mí gbọ́ mọ́, wọn ara ọmọ!" Lórí bẹ́ẹ̀dì, Màámi ń di ikùn mú, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pa òun lẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì ò fẹ́ ìyẹn náà.

Ọ̀dọ̀ wẹ́dà tó wà ní òpin àdúgbò wa ni wọ́n gbé àga lọ. Àǹtí Dúpẹ́ dúró tì í, ó ń tọ́ka ibi tí iná máa gbà, Bàámi sì rán tìmùtìmù wẹ́kú fún ìjókòó, èmi ni mo gán bọ́tìnnì ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé mi lé e, mi ò rì. Ẹ̀yìn mi gún, àtẹ́lẹsẹ̀ mi kalẹ̀, ọwọ́ mi bọ́ sórí táyà bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti ń gbé tẹ́lẹ̀. Mo ti táyà síwájú, ilé rìn lọ sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rìn láti ìgbà tí ẹ ti pé ọdún kan, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ yé yín. Ohun tuntun gbà mí nígbà tó ṣì wà ní tuntun! Mo lọ, mo bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí Ìyá Ìbejì fi ní kí n jọ̀ọ́, mo ti gun òun lẹ́sẹ̀ tó.

Ìyá Àgbà wá di olórí bóòtù. Gbogbo Iléyá, kí wọ́n tó dá mi láṣọ, á yá sípánà wẹ́dà, á wá dúró sí mi lórí. "Ṣé kò tíì tó ká tú u?" Bó bá ti tó, òun ló máa di àga mú, Bàámi á fà á, á bọ́ sí ihò tó kàn. Nígbà tí mo fi wọ ilé ìwé girama, a ti wà ní ihò tó kẹ́yìn, Ìyá Àgbà sì ti ń sọ fún àwọn ará ilé pé òun ló gba àwọn èèyàn Yábà nímọ̀ràn. A kì í jiyàn ẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ tí mo padà sílé ìwé ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀. Fèrè Ìlúpéjú ti dún. Mo ti wọ yúnífọ́ọ̀mù, mo wà lórí àga mi lẹ́nu ọ̀nà, àpò ìwé lórí itan mi. Nọ́ọ̀sì ti gbà kí Màámi máa dìde, ó jáde láti inú yàrá, ikùn ẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Mi ò rò pé ó ro ohunkóhun. Ó kàn gbọ́ fèrè, ó rí mi nínú yúnífọ́ọ̀mù, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó ń dúró dè mí. Bàámi fẹ́ kígbe, Ìyá Àgbà fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo ti táyà ọ̀tún, mo yí i po, mo gba ẹ̀gbẹ́ ìyá mi kọjá. Mo ní, "Màámi, ẹ dìde. Mo ti ń lọ."

Kò dìde. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ṣì nà sẹ́yìn, omijé ń ṣàn lójú ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti ṣófo. Àbúrò mi ló kàn.